Ẹni Tó Ń Jí Ìlú

Mo sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá,
ó ku ibùdókọ̀ mẹ́ta kí n délé.
Dókítà ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn,
ohun tí mo sọ fún ọmọ mi obìnrin nìyẹn.
Orúnkún mi mọ ibi tí à ń lọ.
Òjò ń ṣe wínníwínní, irú èyí tí kò tó ohun à ń ṣí agbòjò sí,
tó sì ń rin èèyàn wọ egungun.

Ilé ìhunṣọ Garside rèé, àjà mẹ́fà, igba fèrèsé.
Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ báyìí ní kẹ̀kẹ́ olówó ńlá;
wọ́n fi wúrà kọ Garside sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni fi orúkọ òkú pe ajá.
Ìgbìmọ̀ ìlú kan pátákó ìtàn mọ́ ara ògiri:
ọdún tó kọ́ ọ, ọdún tó jóná, ọdún tó tún un kọ́,
ilé ìkàwé tó fi ta ìlú lọ́rẹ.
Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Mo tún un kà.
Hepzibah Crowther kò sí níbẹ̀.

Ìyá ìyá mi ni. Òun ló ń jí Skelbeck.
Ta ló ní aago nígbà náà? Aago ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá
a máa fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́, ó ń pẹ́ dòní.
Aago mẹ́ta òru, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onígi,
kọ́kà, kọ́kà, lórí òkúta títì,
ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, irin tín-ín-rín ní ṣóńṣó rẹ̀,
tó fi ń ha gíláàsì yàrá òkè:
ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀.
Kò ní kúrò àfi bí ọwọ́ bá yọ lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.
Kọ́bọ̀ méjì lọ́sẹ̀, ilé kan.
Mo bi í pé, "Màmá àgbà, ta ló wá ń jí ẹ̀yin?"
Ó ní, "Gbèsè."

Òpópó Ropewalk, òkúta rẹ̀ ṣì ń yọ̀.
Ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín Wilf Sugden ti di ibi tí wọ́n ti ń kun èékánná,
àmọ́ bí òjò bá rọ̀, mo búra,
ọ̀rá màlúù ṣì ń rùn lára bíríkì yẹn.
Nọ́ḿbà mẹ́sàn-án: Amos Tattersall,
tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí oorun;
á juwọ́, á tún padà sùn.
Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ya.

Nọ́ḿbà kọkànlélógún ni mo ń bọ̀.
Nellie Ackroyd, opó, àti Edwin ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.
Edwin lọ sógun ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìwé kan ló dé dípò rẹ̀.
Lọ́jọ́ Sátidé, kọ́bọ̀ méjì wà lójú fèrèsé bíi ti tẹ́lẹ̀.
Ìyá àgbà mi mú un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ha gíláàsì Edwin,
ó dúró.
Ọwọ́ obìnrin ló yọ.

Ọdún mẹ́rin.

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́; ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo mọ òdodo.
"Ẹ sì ń gba owó rẹ̀?"
Ó ń bẹ ànàmọ́, kò wojú mi.
"Bí mo bá kọ owó náà,
èmi ni mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú nìyẹn."

Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn náà ní àwọ̀ ewé.
Ó ṣí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ bọ̀,
Shahbaz ni wọ́n kọ sára káàdì ọrùn rẹ̀.
Fóònù ń ké nínú àpò, ó fi àtàǹpàkò pa á lẹ́nu mọ́,
ó yán: iṣẹ́ òru ló ń lọ, ní ilé ìkẹ́rù.
"Ṣé kò sí o, bàbá? Ṣé ẹ sọnù ni?"
Mo ní rárá, mo ń sinmi ẹsẹ̀ ni.
Ó sáré bá bọ́ọ̀sì.

Fèrèsé òkè, aṣọ rẹ̀ wà ní títa.
Ọ̀pá tí mo fi ń tilẹ̀ kò ga dé ibẹ̀,
orí ilẹ̀kùn ló mọ.
Mo ti nà án sókè kí n tó mọ̀.